Ọ́ìlì Corolla: ohun tí mo kọ́ nídìí pípa á dà fúnra mi

Corolla 2003 sí 2008 ni mò ń sọ, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1ZZ, lítà 1.8. Pẹ̀lú fílítà tuntun, lítà 3.7 ọ́ìlì ló ń gbà. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lọ́jà, lítà 4 ni. Ibi ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á dà á tán, torí owó ló ra gbogbo rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, kíráńkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, á máa lù ú bí ẹni lu ẹyin, á máa yọ ìfófòó. Ìfófòó kì í jẹ́ kí irin yọ̀ dáadáa, á sì tún máa wá ibi tí yóò gbà jò jáde.

Sípánà 14 olórí róbótó ni kí ẹ lò fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tó dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ẹlẹ́nu lílà máa ń bó o lórí. Ẹ wá bàsíà tó fẹ̀ tó lè gba lítà 5, àrọ, àkísà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, fílítà, àti wáṣà tuntun, ìyẹn òrùka pẹlẹbẹ abẹ́ nọ́ọ̀tì náà. Wáṣà yẹn kò wọ́n, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń fojú fò. Ògbólógbòó ti tẹ́. Ẹ̀yin á wá máa fún nọ́ọ̀tì kí ó má baà jò, títí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìlà ara rẹ̀ tó fi ń yí wọlé, á fi jẹ.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ká ti ṣe é, ká fa hándíbíréèkì, ká fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé e, ẹ ki sítáńdì bọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọ abẹ́ mọ́tò. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí tì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ pa á. Ọ́ìlì tútù kì í tètè ṣàn, èyí tó gbóná jù á sì bó yín lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí òkè tí a ń gbà da ọ́ìlì. Tí sípánà bá ti tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ìka ni kí ẹ fi máa yí i, kí ẹ máa tì í mọ́ ihò. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá parí, ẹ fà á yọ wàrà. Ọ́ìlì kì í kọ́kọ́ jábọ́ sísàlẹ̀ tààrà, ṣe ló ń ta jáde sí iwájú, torí náà ẹ ti bàsíà síbẹ̀, kí ẹ sì fà á padà bí ó ṣe ń dínkù. Kí ó dúdú kò burú. Iṣẹ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá dà bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí irin wínníwínní bá ń dán nínú rẹ̀, ẹ pe mẹkáníìkì kí ẹ tó da tuntun sí i.

Fílítà wà lábẹ́ náà. Nígbà tí ó bá bọ́, ẹ wo rọ́bà ẹnu rẹ̀: ṣé ó tẹ̀lé e wá? Nígbà mìíràn ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá de tuntun lé e, rọ́bà di méjì, ọ́ìlì á tú jáde yàà ní kété tí ẹ bá ta mọ́tò. Ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun, ẹ fi ọwọ́ dè é títí yóò fi kàn, kí ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un. Sípánà kò sí níbẹ̀.

5W-30 ni mo fara mọ́ fún ẹ́ńjìnì yìí. 20W-50 tí wọ́n ń sọ pé òun ló bá oòrùn wa mu, ó ki jù fún un. Ẹ kọ́kọ́ da lítà mẹ́ta àti ààbọ̀, ẹ ta á fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wo abẹ́ bóyá ó ń jò, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fa gééjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ní 5,000 kìlómítà ni mo máa ń pa á dà nítorí gósílóò. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà, ìyẹn bíi 3,100.

Ọ́ìlì dúdú tí a dà jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù (condemned), ńkọ́? Kì í ṣe ti gọ́tà, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé, pàápàá níbi tí kànga wà. Ẹ má fi pa ajá tó ní èkúkú tàbí ara ọmọ tó ní làpálàpá; májèlé ni. Ẹ má pò ó mọ́ epo bẹntiróòlù tàbí omi, torí àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kò ní gbà á. Abúlé mẹkáníìkì ni mo máa ń gbé e lọ, wọ́n ní dúróòmù tí wọ́n ń kó o jọ sí. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù náà ń lò ó fún móòdù wọn. Fílítà, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ da ẹnu rẹ̀ dé bàsíà mọ́jú. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, AutoZone, ilé ìtajà ẹ̀yà ara mọ́tò, ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbé e lọ sí ibi àtúnlò ìdọ̀tí ti káńsù yín.

Inú gálọ́ọ̀nù tí tuntun ti tán ni ẹ lè rọ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sí, kì í ṣe ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ ya ìwé ara rẹ̀, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Bí ó bá ti ṣófo, ẹ fi ọ̀bẹ dá a lu kí ẹ tó jù ú nù, torí àwọn tó ń po ayédèrú ọ́ìlì ń wá irú ike bẹ́ẹ̀ kiri.