Ibi Tí Àárẹ̀ Yóò Ti Pàdé Wa

Èmi àti ẹ̀gbọ́n tí a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ ti fẹnu kò lórí àwọn òkè tí a fẹ́ gùn, ṣùgbọ́n títí di ìrọ̀lẹ́ òní, a kò tíì fẹnu kò lórí apá tí a ó gbà yí wọn ká. Òkè mẹ́ta ni wọ́n, ní àárín gbùngbùn Swítsàlandì: Susten, Grimsel àti Furka. Àwọn ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gba orí wọn kọjá so kọ́ra, débi pé ẹni tí ó bá gbéra láti ìlú Andermatt lè gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó sì padà sí Andermatt láì gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 120 kìlómítà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, iye yẹn kì í ṣe bàbàrà fún ẹni tí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ tipẹ́. Gíga ibẹ̀ ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́.

Orí Susten jẹ́ 2,224 mítà sí ojú òkun, ti Grimsel jẹ́ 2,164, ti Furka sì jẹ́ 2,429. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn máa ń fi yangàn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ń ṣètò máa wò, nítorí ibi tí a bá sọ̀ kalẹ̀ dé ni a ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nínú àwọn ibi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè náà, Wassen wà ní 916 mítà, Innertkirchen wà ní 625, Gletsch sì wà ní 1,757. Nígbà tí mo yọ ìsàlẹ̀ kúrò nínú òkè, mo rí i pé 1,308 mítà ni a ó gùn láti Wassen dé orí Susten, 1,539 láti Innertkirchen dé orí Grimsel, àti 672 láti Gletsch dé orí Furka. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 3,500. Bí a bá sì gba apá kejì, iye kan náà ni yóò jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó padà sí ibi tí ó ti gbéra ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó gùn gẹ́lẹ́. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí òkè náà ṣe pín sínú ọjọ́, àti ibi tí àárẹ̀ yóò ti pàdé wa.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí a lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí: Furka ní kùtùkùtù, Grimsel tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà kí a sọ̀ dé Innertkirchen, kí a wá gun Susten láti ibẹ̀. Ẹ̀rí wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ tì. Wọ́n ní, “Àbúrò, ẹsẹ̀ tí kò tíì móoru kọ́ ni a fi ń sọ òkè nínú òtútù àárọ̀.” Láti Andermatt, òkè ni a ó kọ́kọ́ gùn bí a bá gba ti wọn, ara yóò sì ti yá gágá kí a tó nílò búréèkì. Bákan náà, ojú Susten tí ó kọ sí Innertkirchen rọjú ju èyí tí ó kọ sí Wassen lọ: ó gba nǹkan bí 28 kìlómítà láti gòkè, nígbà tí ti Wassen kó gbogbo tirẹ̀ sínú kìlómítà 18, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nínú 100 mítà tí a bá rìn, a ó ti fi mítà méje àti díẹ̀ gòkè.

Síbẹ̀, ìparí ètò yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn tí a bá ti gun Susten tán, tí a sì ti sọ̀ dé Wassen, 521 mítà yóò ṣì kù kí a tó dé Andermatt, inú Schöllenen ni a ó sì ti gùn ún, àfonífojì tóóró tí òkúta dúró bí ògiri ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, tí ọkọ̀ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀sán. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń ti Göschenen, tí ó wà láàárín Wassen àti Andermatt, gòkè lọ sí Andermatt. Àmọ́ bí a bá fẹ́ lo irú ìyẹn, mo fẹ́ kí ó wà níbi tí yóò ti wúlò fún wa jù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàpù láti apá kejì. Bí a bá gbéra láti Andermatt ní kùtùkùtù, a ó sọ Schöllenen dé Wassen kí ọkọ̀ tó pọ̀, a ó gun Susten nígbà tí òjìji ṣì wà lójú ọ̀nà, a ó gun Grimsel, tí ó gùn jù lọ, kí ọ̀sán tó kanrí, Furka nìkan ni yóò sì kù, ìyẹn èyí tí ó kúrú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn Furka, kò sí òkè mọ́; ìdagẹ̀rẹ́ ni títí dé Realp, pẹrẹsẹ sì ni ilẹ̀ tẹ́ láti ibẹ̀ dé Andermatt.

Gletsch ni ó jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ń ti orí Grimsel sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ yóò máa wo ọ̀nà Furka lójú kojú ní òdìkejì àfonífojì, kọ́nà lórí kọ́nà, bí ó ṣe ń lọ́ gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ yìnyín ńlá tí odò Rhône ti ń ṣàn jáde. Mo ti wo àwòrán ibẹ̀ títí, mo sì mọ̀ pé ó lè dá ọkàn ènìyàn padà lẹ́yìn òkè méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ níbẹ̀, tàbí tí òjò àti àrá ọ̀sán bá dé, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kìlómítà díẹ̀ péré ni a ó fi sọ̀ dé abúlé Oberwald. Láti ọdún 1982 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba inú ihò kan tí ó gùn ju kìlómítà 15 lọ kọjá lábẹ́ Furka bọ́ sí Realp, ó ń lọ títí dé Andermatt, ó sì ń gba kẹ̀kẹ́. Bí a bá lọ bí ẹ̀gbọ́n ṣe fẹ́, Innertkirchen ni àárẹ̀ yóò ti ká wa mọ́, ní ẹ̀yìn òkè pátápátá, pẹ̀lú Susten, òkè tí ó gùn jù bí a bá gba apá yẹn, níwájú.

Mo ṣírò eré wa náà. Bí a bá ń fi 600 mítà gòkè ní wákàtí kan, èyí tí mo gbà pé a lè ṣe láì mí hẹlẹhẹlẹ, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni gígùn nìkan yóò gbà, sísọ̀ kalẹ̀ yóò gba méjì, ìsinmi yóò sì gba tirẹ̀. Lórí Susten, eré yẹn kò ju kìlómítà mẹ́jọ àti díẹ̀ ní wákàtí kan lọ. Jíà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi tí ó tóbi jù ní eyín 28, ti iwájú tí ó kéré jù sì ní 34; ní eré bẹ́ẹ̀, pẹ́dàlì kò ní yí ju nǹkan bí ìgbà 54 lọ ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìyíkọ̀ọ̀kan ni yóò sì máa wọ orúnkún. Bí mo bá fi eyín 34 rọ́pò 28 lẹ́yìn, yóò di nǹkan bí ìgbà 65. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Mo ti pinnu láti pààrọ̀ rẹ̀, kí n sì ra ṣéènì tí ó gùn díẹ̀ sí i.

Òtútù tí ẹ̀gbọ́n sọ kò ṣe é gbójú fò. Fún gbogbo 1,000 mítà tí a bá gùn, ìwọ̀n ooru máa ń fi nǹkan bí 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 25 ní Innertkirchen, nǹkan bí 13 ni yóò jẹ́ lórí Furka, ara tí òógùn ti rin yóò sì tún kọjú sí afẹ́fẹ́ eré. Nítorí náà, aṣọ afẹ́fẹ́ àti ìbọ̀wọ́ yóò wà nínú àpò ẹ̀yìn wa, iná yóò wà níwájú àti lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nítorí àwọn ihò inú òkè tí ọ̀nà gbà kọjá, a ó sì wọ aṣọ náà láti Andermatt kí a tó fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì.

Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kí n tún ìṣírò Gletsch kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ lọ, nítorí ariwo alùpùpù. Mo fara mọ́ ìyẹn. Wákàtí tí a ó gbéra ló kù: aago márùn-ún àbọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo ń sọ, kí ojú lè mọ́ dáadáa kí a tó wọ Schöllenen. A ó tún sọ ọ́ lọ́la.