Ẹ̀rọ Tó Gbé Ṣílè Màámi Mì

Ẹ bá mi bẹ Màámi. Wọn kì í bá mi jà mọ́ o, àmọ́ kò sí àlejò tó máa wọ ilé wa ní Adátán báyìí tí wọn ò ní kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ṣílè fún kí wọ́n tó gbé omi síwájú rẹ̀. "Ẹ wo ọmọ tí mo bí yìí, ó kó ṣílè mi fún àpótí jẹ." Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí èmi náà fẹnu ara mi rojọ́.

Òtẹ́ẹ̀lì kan wà ní ìgboro Abẹ́òkúta níbí tó ti kógbá wọlé tipẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lu ẹrù ibẹ̀ ní gbàǹjo, mo yà síbẹ̀ pé bóyá màá rí àga rà. Àga ti tán. Ohun tí mo rí ni àpótí pákó kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń fìyà jẹ. Mo yí i padà. Yéè! Pac-Man ni.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́njú nígbà yẹn lè má mọ ohun tí mò ń wí. Ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Namco gbé eré yìí jáde ní Japan, ọmọ ọdún 25 péré sì ni Toru Iwatani tó ronú kàn án. Midway ló ń ṣe é fún àwọn ará Amẹ́ríkà, tiwọn sì ni èyí tí mo rí. Owó ẹyọ lèèyàn máa sọ sínú ihò níwájú rẹ̀, nǹkan róbótó aláwọ̀ ìyeyè kan á wá máa sáré nínú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, á máa ṣa nǹkan wínníwínní bí ẹ̀wà jẹ. Ẹ̀wà náà jẹ́ 240, pẹ̀lú ńlá mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iwin mẹ́rin ń lé e. Kò lọ́wọ́, ẹnu ni gbogbo ara rẹ̀. Mo mọ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Àbúrò bàbá mi fún mi ní owó ẹyọ kan ṣoṣo. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀pá náà, iwin ti gbé mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní òmíràn, wọ́n ní ṣé bàbá mi ló ni báńkì ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé ìbínú ọjọ́ yẹn kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi san ₦45,000 lórí àpótí tí ẹnikẹ́ni ò bá mi dù. Ẹni tó tà á fún mi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ka owó. Ó yẹ kí n ti fura.

Màámi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí a gbé e wọlé.

"Àkànní, kí lèyí? Fìríìjì ni àbí pósí?"

"Ẹ̀rọ eré ni, Màámi."

"Ta ló fẹ́ ṣeré nínú ilé yìí?"

Mi ò dá wọn lóhùn. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Eku ti bímọ síbẹ̀, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fáwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti gé wáyà pupa mẹ́ta jẹ bí ẹni jẹ ìrèké. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ pákó débi pé bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka á wọlé bí ẹni gún àkàrà gbígbóná. Ọmọńlé kan ti gbẹ mọ́ orí bọ́ọ̀dù, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àfi bíi pé òun ni máníjà ibẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ pé fólítì 115 ni. Mo rí i. Mo kà á. Mo wá kì í bọ ojú iná 230 tiwa, bí ẹni tó ń fi ẹ̀bà fún ọmọ ọwọ́. Ó ní "pàù!" Fíúùsì ló kú, Ọlọ́run ló yọ àwọn tó kù. Mo ti ń wá wáyà tí màá dì sójú fíúùsì, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, nígbà tí ìyàwó mi sọ pé tí mo bá jó ilé, òun ò ní bá mi pa á. Ni mo bá lọ pe Ẹnjiníà.

Ẹnjiníà yìí ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Láfẹ́nwá láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti ní ìdí ńlá lẹ́yìn. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo wáyà tó wà lọ́wọ́ mi, ó gba wáyà, ó sì jù ú sójú títì. Ó ní ìgò tó wà lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ yìí, bí èèyàn bá tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lójú iná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì ṣì lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ó so wáyà mọ́ ọrùn súkúrúdíráfà, ó so orí kejì mọ́ irin tó gbé ìgò náà dúró, ó wá rọra ti ẹnu súkúrúdíráfà bọ abẹ́ rọ́bà tó dà bí ọmú lórí ìgò. "Tàú!" Kí a tó gbọ́ ìró yẹn tán, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní géètì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi bá a jà. Ó pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀ tó ti wú bí ikùn ọmọ tó jẹ búrẹ́dì yó, èmi náà lọ Alaba lẹ́ẹ̀mejì, mo ra tíránsífọ́mà tó ń sọ 230 di 115, káfíńtà lẹ pákó tuntun mọ́ ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ojú ẹ̀rọ là. Iwin mẹ́rin jáde, wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé. Mo fò sókè. Ẹnjiníà ní òun ń lọ ibi òkú ní Ìbàdàn, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan kí òun tó dé.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé èèyàn lè ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé kó má fọwọ́ kàn án?

Owó ẹyọ ló kù. Ẹ wá owó ẹyọ ní Nàìjíríà lónìí, kí ẹ wá sọ ibi tí ẹ ti rí i fún mi. Àwọn tí wọ́n kó jáde lọ́dún 2007, ojú la fi rí wọn, ọjà ò rí wọn. 50 kọ́bọ̀ ti 1991 kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo sọ ọ́ sínú ihò, ó dákẹ́. Máágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà nínú ibẹ̀ tí wọ́n fi ń mú àwọn tó bá fi irin lásán ṣe ayédèrú owó, òun ló gbá 50 kọ́bọ̀ mi mú bí ọlọ́pàá. Àfi ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnì ìdápadà kó tó fi í sílẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti rántí agolo Màámi.

Aládìrẹ ni Màámi, Ìtòkú ni wọ́n ti ń tajà láti ìgbà èwe wọn. Agolo Bournvita kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n fi àkísà àdìrẹ ẹlẹ́kọ dé e lẹ́nu. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá ti ọdún 1973 ló wà nínú rẹ̀, èrè àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ nídìí aró. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún yẹn ni a kúrò lórí pọ́n-ùn, tí ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìjọba ló mọ̀yẹn. Ní ti Màámi, ṣílè ni, ṣílè náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe é, máágínẹ́ẹ̀tì ò lè rí i mú.

"Màámi, ẹ yá mi ní ṣílè méjìlá. Màá dá a padà kó tó di ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n wò mí títí. "Méjìlá ni mo kà fún ọ o. Ọlọ́run ń gbọ́."

Ẹ̀rọ náà tu ṣílè kìíní jáde. Kọ́tà, owó ẹyọ àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é fún, ṣílè tiwa sì fi díẹ̀ kéré sí i. Kí ni mo ṣe? Mo ṣí ilẹ̀kùn òkè, mo fi púláyà tẹ irin tó ń wọn owó náà díẹ̀, mo tún un tẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ ṣílè sí i. Kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀, kóń! Ó wọlé! Mo wo ojú ẹ̀rọ: òdo. Mo ní bóyá méjì ló ń gbà. Kóń! Òdo. Bóyá ebi ló pa á gan-an. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo rò nígbà tí mo sọ ìkẹsàn-án sí i. Nígbà tí ìkejìlá kò tilẹ̀ dún "kóń" mọ́, wọ́n mú iná lọ.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, níbi tí owó ń bọ́ sí, kò sí. Òtẹ́ẹ̀lì ò fún mi. Pákó àti páànù ni wọ́n sì fi yí ibẹ̀ ká, ọwọ́ ò lè gba ẹ̀yìn wọ ọ́.

"Àkànní, ṣílè mi dà?"

"Ó wà nínú ẹ̀rọ, Màámi."

Wọn ò bínú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n bu láfún fún mi, wọ́n da ọbẹ̀ sí i. Mo fọwọ́ wá inú ọbẹ̀ títí.

"Màámi, ẹran dà?"

"Ó wà nínú ẹ̀rọ."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹran mi fi wà nínú ẹ̀rọ. Mo pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní Kútọ̀, ó gba ₦5,000, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò àgádágodo náà, ó sì sọ fún mi pé ó ti tì pa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí Ẹnjiníà ṣe dé láti Ìbàdàn, dírìlì ló gbé wá. Ariwo dírìlì kó gbogbo àdúgbò jọ. Alájọgbélé wa kan fà mí sí kọ̀rọ̀, ó rọra bi mí pé ilé-ìfowópamọ́ wo la ti gbé e, àti pé ṣé a ti pín in. Mo ṣàlàyé fún un. Kò gbà mí gbọ́, kò sì kúrò nítòsí.

Ilẹ̀kùn já. Ìgbẹ́ eku ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà kọ́tà Amẹ́ríkà mẹ́ta, lẹ́yìn náà ṣílè Màámi. Wọ́n tẹ́ ìborùn wọn sílẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń kà á, wọ́n ń fi àtàǹpàkò nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà.

"Mọ́kànlá."

Gbogbo ilé dákẹ́. Alájọgbélé wo ọwọ́ mi.

"Màámi, mo búra…"

Wọn ò jẹ́ kí n búra. Wọ́n dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n kọjú sí ẹ̀rọ náà, wọ́n sì gbá a létí. Ẹ dákun, ẹni tó ti fi ọwọ́ lu aṣọ fún àádọ́ta ọdún ni mò ń wí o. Gbàá! Nǹkan kan yọ̀ nínú rẹ̀. Kọ̀rọ̀… kóń. Ojú ẹ̀rọ yí padà: CREDIT 1.

Ẹnjiníà wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Èwo ni kí n tẹ̀?" Màámi ló bèèrè. Mo na ìka sí i. Orin bẹ̀rẹ̀, Màámi di ọ̀pá mú bí ẹni di ọmọ orógùn mú. Nígbà tí àwọn iwin jáde, wọ́n fà sẹ́yìn: "Ó tì o! Egúngún nìwọ̀nyí, èmi obìnrin ò bá wọn ṣe." Ṣùgbọ́n nǹkan róbótó náà ti sáré gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wà ńlá jẹ, ni iwin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá di aláwọ̀ aró lójijì.

"Háà! Wọ́n ti rẹ wọ́n láró!" Báyìí ni Màámi yí ọ̀pá padà, àwọn ló wá ń lé egúngún. Wọ́n gbé méjì jẹ. Alájọgbélé ń pàtẹ́wọ́. Máàkì tí wọ́n gbà, títí di bí mo ṣe ń wí yìí, mi ò tíì bá a.

Nígbà tí wọ́n kú tán, Ẹnjiníà ní kí n sún mọ́ òun lẹ́yìn ẹ̀rọ. Àwọn súwíìṣì funfun kan wà lórí bọ́ọ̀dù, wọn ò tó ìrẹsì. "Ọ̀gá mi, ìwọ̀nyí lẹ fi ń sọ fún un iye tó máa gbà. Bí mo bá yí wọn báyìí, ọ̀fẹ́ ni, kò ní bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ẹ dúró dè mí."

Ó na ìka.

"Ẹnjiníà, má fọwọ́ kàn án." Màámi ti dé ẹ̀yìn wa, ìborùn ṣílè wà ní apá wọn. "Èèyàn mélòó ló lè fi ṣeré lójúmọ́?"

Iwájú ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú ni ẹ̀rọ náà wà báyìí. Àgádágodo tuntun wà lára rẹ̀, ọrùn wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣeré á máa ra ṣílè kan lọ́wọ́ wọn ní ₦100, á sọ ọ́ sínú ihò. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí ìsàlẹ̀, wọ́n á kó ṣílè méjìlá wọn padà sínú agolo, tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún kó wọn tà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa fi ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣe tán èmi ni mo rà á.

Wọ́n ní ẹran mi ṣì wà nínú rẹ̀ o.