Kí Ni Wọ́n Fi Abẹ́rẹ́ Náà Wé?

Ìbéèrè kan ti wá pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ àwa físíò, tí à ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ní Ìlọrin yìí: "Àǹtí físíò, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà yẹn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?" Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ń béèrè. Ẹni tí ẹ̀fọ́rí túúlu kì í jẹ́ kó lè la ojú sí oòrùn ń béèrè. Àmọ́ àwọn tí kì í rí oorun sùn ló pọ̀ jù. Àwọn kan rí i lórí fóònù. Àwọn mìíràn, ẹnì kan ti ní kí wọ́n wá san owó oṣù méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá wọn lóhùn, torí àìsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwádìí ti fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń wo nǹkan báyìí sàn, kí wọ́n bi onítọ̀hún pé: kí ni wọ́n fi wé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ ná. Abẹ́rẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní acupuncture lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ihò nínú, kò sì gbé oògùn kankan. Akẹgbẹ́ mi kan tó kọ́ iṣẹ́ náà jẹ́ kí n jókòó tì í lọ́jọ́ tó ń gún obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Ojú obìnrin náà ló ti já ọ̀rá abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wà nínú páìpù ike tín-ín-rín kan. Ó gbé páìpù náà lé apá rẹ̀, ní òkè ọrùn ọwọ́ díẹ̀, ó fi ìka kan lu ìdí abẹ́rẹ́, ó ti wọlé. Mo ń wo ojú obìnrin náà, kò tilẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà nípọn ju 0.25 mìlímítà lọ. Èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gún wa nídìí nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ìgbà tí akẹgbẹ́ mi wá ń yí i láàárín ìka méjì ni obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Háà, ó ń wúwo o, ó ń rìn lọ sí ìka mi." De qi ni àwọn ará Ṣáínà ń pe ohun tó ń rìn lára yẹn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ gbà pé òun ni àmì pé ọwọ́ àwọn ti ba ibi tó yẹ.

Kì í ṣe hijama o. Tọmọdé tàgbà ní Ìlọrin ló mọ hijama: wọ́n á sín ara, wọ́n á fi ife fa ẹ̀jẹ̀. Kì í sì í ṣe gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi oògùn ra. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ yìí sí ibi tí wọ́n ti yàn, ó lè jẹ́ ọrùn ọwọ́, àtàrí, tàbí òkè kókósẹ̀ nínú, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á yọ ọ́. Ó parí.

Ní 1971, akọ̀ròyìn New York Times kan, James Reston, lọ sí Ṣáínà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì fún un ní Beijing. Nígbà tí inú ń dà á láàmú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ lápá àti lẹ́sẹ̀, ara sì tù ú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ni àwọn ará Amẹ́ríkà bá gbá a mọ́ra. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni, inú tó sì ń dunni lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ a tún máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ta ló lè mọ bí ì bá ti rí bí wọn ò bá gún un?

Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi nílò abẹ́rẹ́ ayédèrú. Èyí ni apá ibẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù. Oògùn rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀: ẹ bu ìyẹ̀fun lásán sínú kápúsù, ẹni tó ń gbé e mì kò ní mọ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gún ènìyàn láìgún un, kó sì gbà pé ẹ gún òun? Ní 1998, Streitberger àti Kleinhenz, àwọn dókítà ní Heidelberg lórílẹ̀-èdè Jámánì, gbé ọ̀kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ẹnu abẹ́rẹ́ náà kú. Bí ẹ bá tì í mọ́ ara, irin rẹ̀ á wọnú ọwọ́ rẹ̀ padà, bí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gún ara wọn nínú fíìmù. Òrùka ike àti pílásítà ló ń mú un dúró lórí awọ ara. Ẹni tí wọ́n fi kàn á á mọ̀ pé nǹkan sọ òun, á bojú wò ó, á rí abẹ́rẹ́ tó dúró gbọn-in, kò sì ní mọ̀ pé kò wọlé.

Wọ́n wá ṣẹ́ kèké: àwọn kan gba ojúlówó, àwọn kan gba ayédèrú, àwọn mìíràn kò gba nǹkan kan tàbí kí wọ́n máa lo oògùn wọn lọ. Orí túúlu ni iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù. Ní Jámánì, ìwádìí kan tó jáde ní 2005 kó ènìyàn 302 jọ. Ayédèrú tiwọn ni pé kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí awọ ara díẹ̀, kó má jìn, níbi tí kò yẹ. Nínú àwọn tó gba ojúlówó, 51 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọjọ́ ẹ̀fọ́rí wọn dín kù tó ìdajì. Nínú àwọn tó gba ayédèrú, 53. Nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣì dúró ná, 15.

Ẹ tún un kà. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ wé àìṣe nǹkan kan nìkan, á sáré jáde lọ ké pé ó ṣiṣẹ́, torí 51 ju 15 lọ dáadáa. Ẹni tó bá fi ojúlówó wé ayédèrú nìkan, á ní asán ni. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé kan náà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìwádìí mìíràn tí ènìyàn tó wọ̀ ọ́ tó 960 tún wáyé ní Jámánì kan náà: ojúlówó 47, ayédèrú 39, oògùn tí dókítà ń kọ 40. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé.

Ní 2016, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ kan jọ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, wo ìwádìí 22 lórí túúlu, tí ènìyàn inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Níbi tí wọ́n ti fi wé àìgúnni rárá, 41 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Níbi tí wọ́n ti fi wé ayédèrú, 50 sí 41. Ìyàtọ̀ kékeré wà nígbà náà, ó sì wà lóòótọ́. Ní 2020, ìwádìí kan láti Ṣáínà tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ fi àwọn 150 tí ẹnikẹ́ni kò gún rí ṣe é, abẹ́rẹ́ ayédèrú tí kì í wọlé ni wọ́n sì lò. Ojúlówó tún ṣe dáadáa jù ú lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní túúlu tí dókítà ti yẹ̀ wò, tí oògùn rẹ̀ kò bá a lára mu, tí owó sì wà, mi ò ní dá a dúró. Mo máa ń sọ ọ́ fún un tààrà bẹ́ẹ̀.

Ti oorun ló gba àlàyé jù, ibẹ̀ ló sì kàn mí nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Ọ̀fà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìrun alẹ́, ojú wọn á là kalẹ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun Àsùbáà. Wọ́n ti ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì láìsọ fún mi. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ yìí, wọ́n pè mí: "Àbúrò mi, mú mi lọ. Bí wọ́n bá ní kí n gún ọgọ́rùn-ún, màá gún un."

Mo jókòó tì wọ́n, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀. Ní 2012, Cochrane wo ìwádìí 33 lórí àìróorunsùn, ènìyàn 2,293. Iye yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ́ tó, débi pé Cochrane kò lè sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì lè sọ pé kì í ṣiṣẹ́. Ohun kan tún wà tí mi ò lè gbàgbé níbi ọ̀rọ̀ yìí: ní 1998, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Vickers àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ìwádìí abẹ́rẹ́ wéra ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé gbogbo èyí tó ti Ṣáínà wá nínú ohun tí wọ́n kó jọ ló sọ pé abẹ́rẹ́ dára. Gbogbo rẹ̀. Níbi tí a ti ń ṣe ìwádìí láìṣègbè, kò sí bí ọ̀kan kò ṣe ní já sí òfo.

Àwọn tó ń ṣe é báyìí ti ń tún ọwọ́ ṣe. Ní 2022, ní Shanghai, wọ́n mú ènìyàn 270 tí ìbànújẹ́ ọkàn àti àìróorunsùn jọ ń bá jà. Wọ́n so iná mànàmáná kékeré mọ́ abẹ́rẹ́ àwọn kan, wọ́n fún àwọn mìíràn ní irú ayédèrú Heidelberg yẹn, gbogbo wọn sì ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 21. Ẹni tó bá ju 5 lọ, oorun rẹ̀ kò dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ti ojúlówó fi bíi 3.6 wálẹ̀ ju ti ayédèrú lọ. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n gún wọn. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ro ó wò: láti Ọ̀fà wá sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì, nínú mọ́tò, lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Ìwádìí tí mo wá fi bẹ̀ wọ́n ni ti Amẹ́ríkà ní 2019. Àwọn 160 tí wọ́n ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tí wọn kì í sùn, ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n gún àwọn kan, wọ́n kọ́ àwọn yòókù ní bí wọ́n ṣe máa tún ìwà oorun wọn ṣe. Lórí òṣùwọ̀n 0 dé 28, ti àwọn tí wọ́n gún fi 8.3 wálẹ̀, ti àwọn tí wọ́n kọ́ fi 10.9. Àwọn méjèèjì rí ìtura, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ló borí. Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbà ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ti sọ láti 2016 pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú àgbàlagbà tí kò rí oorun sùn fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó kan oògùn.

Kò sì gba owó mọ́tò. Àkókò kan náà ni kéèyàn máa jí lójoojúmọ́, bó ti wù kí òru rí. Kí wọ́n má lọ sórí ibùsùn àfi bí oorun bá ń kùn wọ́n. Bí ojú bá là fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n dìde lọ jókòó sí pálọ̀, kí wọ́n má tan fóònù. Oorun ọ̀sán, ó dìgbà kan ná. Obì tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n bá mi jà lé lórí jù. Mo ṣàlàyé pé nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adenosine máa ń kó jọ nínú ọpọlọ bí a ṣe ń pẹ́ lójú, òun ló ń ti oorun wá, èròjà inú obì àti kọfí sì ń dí i lọ́nà. (Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Rochester, Amẹ́ríkà, rí i pé adenosine ń tú jáde nínú ẹsẹ̀ eku níbi tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ yìí sí, ìrora rẹ̀ sì dín kù. Ẹsẹ̀ eku nìyẹn ṣá, kì í ṣe ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi.) Wọ́n ti gbé obì wá sí àárọ̀. Wọ́n ń sùn díẹ̀ díẹ̀ báyìí, kò tíì pé bí mo ṣe fẹ́, àmọ́ wọn ò ra oògùn kẹ́míìsì mọ́.

Ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ ni mi ò lè fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ. Cochrane wo ìwádìí 31 ní 2016, ènìyàn 2,257, wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró pé abẹ́rẹ́ ń dá apá àti ẹsẹ̀ padà. Síbẹ̀ mo rí àwọn ẹbí tí wọ́n fi bàbá wọn sílẹ̀ nílé ní abúlé kan nítòsí Òmù-Àrán, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò wá gún un. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ àkọ́kọ́ ló ń wúlò jù, kì í sì í ṣe gbogbo rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún. Kí dókítà tó mọ èyí tó jẹ́, ó gbọ́dọ̀ ya àwòrán orí. Lẹ́yìn náà, ohun tó ń kọ́ ọpọlọ padà ni kí wọ́n máa lo apá yẹn lójoojúmọ́: kó di ife mú, kó tú bọ́tìnì, kó dìde láti orí àga láìfọwọ́ti. Ẹni tó bá ń ṣe gbogbo ìyẹn, tó tún fẹ́ gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, èmi kò bá a jà. Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀ ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Bákan náà ni ẹni tó dá oògùn wárápá tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró torí pé ẹnì kan ń gún un.

Bí ẹ bá wá lọ, kí wọ́n já abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, kí wọ́n sì jù ú nù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Àrùn ẹ̀dọ̀ ti ti ojú abẹ́rẹ́ àlòtúnlò wọ ara àwọn kan. Bí ẹ bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn yín. Abẹ́rẹ́ tó bá jìn jù ní àyà tàbí òkè èjìká lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí kò bá já gaara mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gún yín níbẹ̀, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gba ibi ìtọ́jú pàjáwìrì lọ lóru náà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n gún yín.