Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń ṣe ségesège

Tí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò yín tó ti pẹ́, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń wo eré àti epo, bá ń kú tó ń jí, ẹ má tíì sáré ra odidi míì o. Ẹ kọ́kọ́ wo fíúùsì àti wáyà ground (èyí tí wọ́n so mọ́ irin ara ọkọ̀), tí ìyẹn bá dáa, ó lè jẹ́ pé ojú ibi kan tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó pọ̀ ló ti sán nínú bọ́ọ̀dù ẹ̀, ooru àti jìgìjìgì ọkọ̀ ló máa ń fà á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jó á kàn yọ́ ọ padà ni, kì í wọ́n rárá. Tó bá jẹ́ ìlà-ìlà ni nọ́ńbà ń parẹ́, ribbon cable (wáyà pẹlẹbẹ) ẹ̀yìn skríìnì ló sábà máa ń ṣí, ìyẹn gba sùúrù gan-an. Ẹ yọ orí bátìrì kẹ́ẹ tó tú nǹkankan ṣá. Èmi ò kì í fẹ́ràn ojú dáṣíbọ́ọ̀dù àlòkù, torí kìlómítà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló sábà máa ń gbé wá, àwọn ọkọ̀ míì ò tiẹ̀ ní stáàtì àfi tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà ṣètò ẹ̀.