Ẹ̀bùrú tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bí iṣan ńlá bá dí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí iṣan àlọ ńlá kan, ìyẹn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, bá dí, ara á ṣẹ̀ṣẹ̀ hu òmíràn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣan tíntìntín tó so iṣan àlọ kan mọ́ èkejì ti wà nínú ọkàn àti nínú ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí títì ṣì dára. Wọn ò pọ̀ bákan náà lára gbogbo wa, ìyẹn ló fà á tí iṣan ọkàn kan náà fi lè dí lára ẹni méjì, kí ọkàn ẹnì kan bàjẹ́ púpọ̀ ju ti èkejì lọ.

Bí iṣan ńlá bá ń há díẹ̀díẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ibi tó há. Ti òkè kò yẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀bùrú, tí ẹ̀jẹ̀ á sì máa sáré ha ògiri inú rẹ̀. Híha yìí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì inú ògiri náà á pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mọ́ra, àwọn yẹn á wọ inú ògiri, wọ́n á tú èròjà ìdàgbàsókè síbẹ̀, ẹran ara iṣan á sì máa pọ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣan náà lè fẹ̀ ní ìlọ́po 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ń gùn sí i, ìdí nìyẹn tó fi máa ń lọ́ sọ́tùn-ún lọ́ sósì nínú àwòrán tí dókítà bá yà. Àmọ́ bó ṣe ń fẹ̀, híha náà ń dín kù, ìdàgbà á sì dúró kó tó gba ẹ̀jẹ̀ tó ti iṣan àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí àyà kì í fi í dun ẹlòmíràn bó bá jókòó, àfi bó bá ń gun àtẹ̀gùn.

Àìtó ọ́síjìn kọ́ ló ń mú ẹ̀bùrú fẹ̀. Iṣan tín-ín-rín bí irun ni ìyẹn máa ń mú hù, wọn ò sì lè rọ́pò iṣan ńlá.

Ní ti ẹsẹ̀, bí iṣan itan bá dí, iṣan itan ti inú lọ́hùn-ún ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ yí orúnkún ká lọ sísàlẹ̀. Ìrìn ló ń ran irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Rìn títí ìrora á fi le díẹ̀, dúró kó lọ, kí o tún máa lọ. Ẹran ẹsẹ̀ náà ń kọ́ bí yóò ṣe lo ẹ̀jẹ̀ tó bá rí, kì í ṣe ẹ̀bùrú nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lórí ìjókòó, tàbí tó ní egbò tí kò jiná, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Sìgá àti àtọ̀gbẹ ń ba ògiri iṣan jẹ́, kì í jẹ́ kó dáhùn sí híha ẹ̀jẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan lójijì, kò sí àyè fún ìdàgbà ọlọ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ṣàdédé tutù, tó funfun, tó sì kú tipiri, ilé ìwòsàn ló kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí láàárín nǹkan bí wákàtí 6, ẹran ara á ti máa kú.