Mo Ha 3,000, Mo Fi 18,500 Sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ bá mi dá ẹjọ́ yìí kí ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ra wáìnì ní ẹdínwó tó dákẹ́, àti ẹni tó mu ún, tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, tóun náà dákẹ́, ta ló jẹ̀bi? Ìyàwó mi ti dá tiẹ̀, ó ní èmi ni. Ṣùgbọ́n ilé bàbá ẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò lè ṣe adájọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní bàbá ìyàwó mi fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì nílé wọn ní Alágbàká, mo ti pinnu pé wáìnì ni màá gbé lọ. Wáìnì gidi, oníkọ́ọ̀kì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lọ́ ìdérí ẹ̀ bí ẹní lọ́ ìdérí ìgò omi.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí wọn ò ṣẹ̀ mí. Ojú fèrèsé ni wọ́n to àwọn ìgò náà sí lóròó, oòrùn Akúrẹ́ ń pa wọ́n, eruku ti bò wọ́n. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọrùn ìgò: 18,500 náírà. Wọ́n tún lẹ òmíràn lé e lórí: 3,000. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ìgbọ̀nwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n kọ 2011 sára ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọdún tí wọ́n ká èso àjàrà ẹ̀ nìyẹn, mo sì ti ń gbọ́ ọ pé bí wáìnì bá ṣe ń pẹ́ ló ń dùn sí i. Wọn ò sọ fún mi pé ìba díẹ̀ nínú wọn ló ń pẹ́ tó ń dùn. Àwọn funfun tí owó wọn ò ga, láàárín ọdún mélòó kan ló yẹ kéèyàn ti mu wọ́n tán. Funfun sì ni tèmi.

Ọmọbìnrin tó ń tajà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ́ ọ wò nílé ná o, kẹ́ ẹ tó gbé e fún èèyàn.”

Mo ní kò séwu. Ojúkòkòrò ti di mí létí. Àmọ́ mo bi í bóyá ọ̀gá ẹ̀ mọ̀ nípa 3,000 yìí. Ìwà ọmọlúàbí tí mo hù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi balẹ̀, mo gbé méjì.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Mo jókòó sínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta bọ̀ọ̀lì, mo ń fi èékánná ha ìwé 3,000 kúrò. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run á ha méjèèjì. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rọra ń ha ti òkè kí ti ìsàlẹ̀ má baà ya. Mo fi itọ́ rẹ ẹ́. Mo yọ káàdì báǹkì mi, mo fi etí ẹ̀ gbé igun kan sókè. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo gbàdúrà. Ọmọ tó ń ta bọ̀ọ̀lì wò mí títí, ó ní, “Bùọ̀dá, ṣé kí n bá yín wá kẹrosíìnì ni?” Bí mo bá ń fara balẹ̀ báyìí níbi iṣẹ́, mo ti di dáríẹ́kítọ̀ tipẹ́. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, 18,500 ló ń dán yinrin lọ́rùn ìgò méjèèjì.

Mi ò sì purọ́. Ta ló bi mí ní iye tí mo rà á? Ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀ náà kúkú ni. Mo ro ẹjọ́ yìí fún ara mi títí mo fi dé Alágbàká, mo sì dá ara mi láre.

Bàbá gba ìgò, wọ́n wo awò, wọ́n ka ọrùn ẹ̀ síta lédè àwọn tíṣà àtijọ́: “Ẹgbàásàn-án náírà ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Àna mi, o mà ná ara ẹ lówó o.” Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, “Ẹ̀yin lẹ tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà.” Wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú ìgò kejì pamọ́ fún Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, tí ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Àyà mi já díẹ̀ níbẹ̀. Mo dákẹ́.

Bùọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù ló gba ìgò àkọ́kọ́ láti ṣí i. Ẹ mọ Bùọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó gbé ìlú ọba fún ìgbà díẹ̀, tó ti ń fi gbogbo ayé ẹ̀ sọ ọ́. Ó ń ṣàlàyé fún wa pé ńṣe ni wọ́n máa ń fi ìgò oníkọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀, kí ọtí lè máa kan kọ́ọ̀kì, nítorí bí kọ́ọ̀kì bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọlé, wáìnì á di fínígà. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni kọ́ọ̀kì ń rún wómúwómú sí i lọ́wọ́. Ìdajì já sínú ìgò. Kò jẹ́ kí ìyẹn dá ẹ̀kọ́ ẹ̀ dúró. Ó da wáìnì funfun sí kọ́ọ̀bù, ó jáde ní àwọ̀ búráùn. Ó yí i po, ó gbóòórùn ẹ̀, omi dà lójú ẹ̀. Ó ní, “Faransé gidi. Bó ṣe máa ń gbani lọ́fun nìyẹn.”

Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n kọ sára ìgò.

Bàbá mu ún, wọ́n dijú, wọ́n ní ó lágbára. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún tòun, kò sì fẹnu kan díẹ̀ yẹn mọ́. Èmi náà tọ́ ọ wò. Eyín kan mí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé iye owó ni wọ́n ń mu. Ẹ má wulẹ̀ wò mí, inú ti ń bí mi. Èmi jèrè nínú irọ́ tèmi. Àwọn wọ̀nyí ń pa tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́!

Àfi Ìyá Oǹdó, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi, ọmọ Ẹkímọ̀gún, tó ta ẹmu ní Yàbá l'Óǹdó títí ó fi darúgbó. Wọ́n bu ú sẹ́nu, wọ́n tu ú sínú kọ́ọ̀bù padà. “Ó ti kan.”

Bùọ̀dá ní, “Màmá, wáìnì ni.”

“Kí ni ẹmu? Èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ láàárọ̀, dídùn ni. Tó bá dalẹ́, á múná. Tó bá dọ̀túnla, ẹ gbé e sọnù. Ìgbà wo ni èyí ti sọ̀?”

“2011, Màmá.”

“Yé è!”

Gbogbo pálọ̀ rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn kì í mutí. Ìyá Oǹdó ní èló ni wọ́n ta ohun ìyanu yìí. Bàbá fẹ́ máa ka ẹgbàásàn-án lọ, ni ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi bá nàka sí mi: “Màmá, 3,000 ni. Ó wà nídìí dádì mi.”

Ìwé tí mo fi ọgbọ́n ha. Orí àga mọ́tò ni mo jù ú sí, mo sì jókòó lé e. Ó ti wà nídìí ṣòkòtò mi látìgbà tí mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo wọn.

Ìyá Oǹdó gba ìgò Fíkà, wọ́n ní àwọn á fi fọ yíyọ̀ ara igbín. Bàbá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ gidi. Bùọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò, ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àṣírí mi lòun ń bò. Mo dúpẹ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá ṣọ́ọ̀bù náà ṣì ní pupa.