Ìyá tó dúró lẹ́yìn onírin

Sátidé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wa kú nínú Dungeons & Dragons tá a jọ máa ń ṣe, eré orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn, àwa mẹ́rin, level 4 (ipele agbára) ni gbogbo wa wà, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí yìí, torí kì í ṣe dáìsì ló dà wá, a ò wo ọ̀tá wa dáadáa ni.

Bó ṣe lọ rèé. A dé ẹnu afárá kan, ọkùnrin kan dúró ní òdìkejì, ẹ̀wù irin ló wọ̀ látorí dé ẹsẹ̀, idà ńlá tó máa ń gba ọwọ́ méjì ló gbé lé èjìká. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan wà, aṣọ lásán ló wọ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Èmi gan-an ni mo pariwo pé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dojú kọ onírin yìí o, ìyá yẹn ò lè fi wá ṣe nkankan. La bá ki eré mọ́lẹ̀, a tò tẹ̀lé ara wa lórí afárá bí ọmọ iléèwé tó ń lọ assembly, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ onírin tí ìyá fi na ìka kan sí wa. Fireball ni, ọfọ̀ iná tó ń bú gbàù. DM wa, ẹni tó ń darí eré tó sì ń ṣe àwọn ọ̀tá, da dáìsì mẹ́jọ sórí tábìlì, a ṣírò ẹ̀, ó jẹ́ 28. Oṣó wa tí HP ẹ̀ (iye ẹ̀mí tó ní) ò ju 22 lọ ṣubú lójú ẹsẹ̀, fighter (jagunjagun) wa tó ní 36 wá ku 8, èmi tí mò ń ṣe rogue (ẹni tó ń yọ́ rìn) àti cleric (àlùfáà) wa la yege save wa, ìyẹn dáìsì tá a fi ń yẹ iná náà, ìdajì la jẹ, 14, 14. Ká tó mí, onírin ti dé ọ̀dọ̀ wa. A jà díẹ̀, kò ṣeé jà, cleric gbé oṣó kọ́ èjìká, gbogbo wa bẹ́ sódò.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé DM sọ fún wa o. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Ó sọ pé etí ọwọ́ aṣọ ìyá yẹn jóná díẹ̀ díẹ̀. Ó tún sọ pé kí onírin tó gbé ẹsẹ̀ kan, ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ìyá yẹn. Ọmọ Yorùbá ni wá, tá a bá wọ ilé ẹlòmíì, ká tó jókòó a ti mọ ẹni tó ni ilé, ẹni tí gbogbo wọn ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún ni, kì í ṣe ẹni tó wọ agbádá tó tóbi jù. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, a mọ̀ ọ́n lẹ́nu, àmọ́ bá a ṣe rí irin tó ń dán ni gbogbo ẹ̀ fò lọ lórí wa.

Èmi náà máa ń ṣe DM fún àwọn míì, ìwé òfin eré ti 2014 la ṣì ń lò, nítorí náà mo mọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Onírin yẹn á jẹ́ Knight inú Monster Manual, ìwé àwọn ọ̀tá: AC 18 (nọ́ńbà tí dáìsì wa gbọ́dọ̀ dé ká tó bá a), HP 52, CR 3. Ìyá yẹn á jẹ́ Mage (oṣó), AC 12, HP 40, CR 6, kódà tó bá ti fi ọfọ̀ Mage Armor bo ara, 15 ni AC ẹ̀ máa dé. CR ni ìwé yẹn fi ń sọ bí ọ̀tá ṣe le tó, CR 3 ni pé àwọn mẹ́rin tó wà ní level 3, tára wọn le, lè bá a jà kí ẹnikẹ́ni má kú. Ṣé ẹ rí i báyìí, ẹni tá à ń bẹ̀rù ni agbára ẹ̀ kéré, ẹni tá a fojú fò ló lè pa gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ọfà mi ì bá wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ AC yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Hobgoblin lásán, ọ̀tá kékeré kan, AC 18 lòun náà ní o! Ẹ̀wù chain mail fún un ní 16, asà fi 2 kún un. Plate, ẹ̀wù irin tó bo gbogbo ara tí knight wọ̀ náà, 18 ni, láìsí asà rárá. Iye kan náà, ṣùgbọ́n hobgoblin yẹn, HP 11 ló ní, idà kan tàbí méjì ti parí ẹ̀. Owó wọn ò tiẹ̀ jọra, chain mail jẹ́ 75 góòlù, asà 10, àpapọ̀ 85, plate nìkan jẹ́ 1,500. Ogre ńkọ́? AC 11, idà kì í sábà tàsé ẹ̀, ṣùgbọ́n HP 59 ló ní, o máa ṣá a títí ọwọ́ ẹ á fi ro ẹ́. Goblin kékeré ní AC 15, HP 7. Nítorí náà ẹ̀wù irin máa sọ fún ẹ bó ṣe máa nira tó láti bá a, ó máa sọ bó ṣe lówó tó tàbí ẹni tó ń náwó lé e lórí, kò ní sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú, kò sì ní sọ ohun tó lè fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe.

Ẹ̀wù irin tún máa ń sọ nkan míì tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Plate wúwo, 65 pounds, ẹni tí Strength (agbára ara) ẹ̀ ò bá tó 15 tó bá wọ̀ ọ́, ìrìn ẹ̀ máa dín ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó wọ plate tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, á jẹ́ pé aṣọ yẹn pọ̀ jù ú lọ, ó lè jẹ́ ọmọ olówó ni, ó lè jẹ́ pé ó jí i. Ẹni tó bá gbé asà dání ò lè fi greatsword, idà ọlọ́wọ́ méjì yẹn, ṣá yín. Ẹni tí ò wọ nkankan, tí ò gbé nkankan, tó wá dúró sójú ogun tára ẹ̀ balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rù ẹni yẹn.

Battle Master fighter, irú jagunjagun kan nínú eré yìí, ní ẹ̀bùn kan fún èyí, Know Your Enemy, tó bá dé level 7. Tó bá fi ìṣẹ́jú kan wo èèyàn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, DM máa sọ nkan méjì fún un, bóyá ẹni yẹn jù ú lọ, bóyá wọ́n jọ dọ́gba, bóyá kò tó o, ó lè jẹ́ Strength, AC, HP tó ṣẹ́ kù, tàbí iye level. Kò ní sọ nọ́ńbà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí bí jagunjagun ṣe máa ń wo ara wọn náà nìyẹn. Nínú ìwé 2024 wọ́n ti yí i padà, bonus action (ìgbésẹ̀ kúkúrú) ló dà, ohun tí ọ̀tá ò mọ̀ lára àti ohun tó ń pa á lára jù ló ń sọ, ó wúlò fún skeleton àti irú wọn lóòótọ́, àmọ́ ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fi dákẹ́, tẹ́ ẹ wò, ìyẹn ti lọ, inú mi ò sì dùn sí i.

Ẹ̀yin DM náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ohun tí ojú rí pamọ́. Tí mo bá bèèrè pé kí ló wọ̀, ẹ dá mi lóhùn, ojú ẹni tí mò ń ṣe ríran. Ìwé náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sọ pé tí HP bá ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ, kí àpá àti ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára, ẹ máa sọ ọ́ fún wa. Ẹ̀wù plate tẹ́ ẹ bá sì sọ pé ó wọ̀, ká bá a lára ẹ̀ tó bá kú.

Mo ti wá ní ìwé kékeré kan báyìí tí mò ń kọ ohun tá a rí lára ọ̀tá sí. Ti onírin wà níbẹ̀: dáìsì 17 tàsé, ọfà mi pẹ̀lú 18 wọlé. Fighter wa wá ju 19, ìyẹn tàsé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ bá DM jà, àfi ìgbà tó di òru tí mo rántí pé knight ní Parry, ó lè fi 2 kún AC ẹ̀ fún idà kan tó fojú rí, kò sì lè lò ó fún ọfà. Nítorí náà 18 ni, ó dá mi lójú. Sátidé yìí a máa padà sí afárá yẹn, mo fẹ́ fara pamọ́ sínú igbó kí n kàn máa wò wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí nínú ìwé mi, abẹ́ orúkọ ìyá yẹn ṣófo, kò sẹ́ni tó ta ọfà kan ṣoṣo sí i.